Orúkọ Àbísọ àti Àlàjẹ́: Ohun Tí Káńtà Oògùn Kọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. N kò ní tàn yín jẹ. Obìnrin tó fẹ́ràn kí òun máa borí nínú àríyànjiyàn ni mí. Ìyá mi máa ń sọ pé bí mo ṣe dáyé ni mo ti ń bá agbẹ̀bí jiyàn. Ẹnu yìí ló gbé mi dé ibi tí mo dé lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu yìí kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá oníyàá lọ́sàn-án ààwẹ̀. N ó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Rábíátù ni orúkọ mi. Àǹtí Rábì ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo Táíwò Road. Abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń gbin àgbàdo, tó sì ń sin ewúrẹ́. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn: mo jáde ìwé mẹ́wàá, àbúrò bàbá mi mọ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ojú ń tì mí láti dárúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Àjíbóyè. Apòògùn ni wọ́n, wọ́n kàwé rẹ̀ dé yunifásítì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, onígbàgbọ́ tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, aṣọ funfun wọn kì í ní àbàwọ́n. Wọn kì í na èèyàn, wọn kì í pariwo. Tí o bá ṣàṣìṣe, wọn ó yọ awò ojú wọn, wọn ó máa fi etí aṣọ nù ún díẹ̀díẹ̀, ìwọ yóò sì dúró síwájú wọn títí wọn yóò fi nù ún tán. Wàlláhì, pàṣán sàn ju ìyẹn lọ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀. Tíréè tí a fi ń ka oògùn ni mò ń fọ̀. Nígbà yẹn, inú agolo ńlá ni oògùn máa ń wà, ẹgbẹ̀rún kan nínú agolo kan. A ó dà á sórí tíréè, a ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kà á ní márùn-ún márùn-ún, a ó wá rọ ọ́ sínú àpò ìwé kékeré. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Lọ́jọ́ kan tí ẹyọ kan bọ́ sórí tábìlì, tí mo fi ìka mú un padà sí àárín àwọn yòókù, Ọ̀gá da gbogbo ohun tó wà lórí tíréè náà nù lójú mi. Mo sunkún délé.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí. Wọ́n gbé ẹyọ oògùn funfun méjì sórí ìwé. Wọ́n ní ọ̀kan wá láti inú agolo tí kò ní àwòrán kankan lára, èkejì wá láti inú páálí tó ń dán, owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti agolo lọ.

"Rábíátù, èwo ló dára jù?"

Mo wò ó, mo gbóòórùn rẹ̀. "Ti páálí ni, sà. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ."

Awò ojú kúrò lójú. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí agolo àti páálí náà sí mi, wọ́n fi ìka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà lábẹ́ orúkọ gàdàgbà òkè. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ka ti agolo: parasítámọ̀. Mo ka ti páálí: parasítámọ̀.

"Orúkọ gàdàgbà òkè yẹn, àlàjẹ́ ni. Ẹni tó ṣe é ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè tà. Orúkọ kékeré ìsàlẹ̀ yẹn ni àbísọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́wàá lè ṣe oògùn kan ṣoṣo, kí wọ́n fún un ní àlàjẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lálàjẹ́ nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n."

Wọ́n fún mi ní ìwé kan tó nípọn. Apá òsì, àbísọ; apá ọ̀tún, àlàjẹ́. Láràárọ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn, n ó kà á lórí. Tí mo bá fo ẹyọ kan, n ó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ń kà á lójú ọ̀nà, mo ń kà á nídìí iná. Àbúrò mi lọ sọ fún ìyá wa pé mo ti fẹ́ há Àlùkùránì sórí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀gá kò sọ pé gbogbo oògùn olówó pọ́ọ́kú ló dára. Nígbà tí alágbàtà kan gbé tirẹ̀ wá, wọ́n ju ẹyọ kan sínú gíláàsì omi, wọ́n ń wo aago. A jẹun ọ̀sán tán, oògùn náà ṣì jókòó sísàlẹ̀ omi bí òkúta. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ mi pé àwọn oògùn kan wà, bíi ti wárápá, tí ẹni tó bá ti ń lo ti ilé iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ yí i padà láìsọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lórí pẹpẹ wa, tí ìjọba bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹni tó ṣe é sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀, àìní àlàjẹ́ kò dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀.

Òfin tó le jù ni ìbéèrè mẹ́ta. Oògùn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o béèrè wọn: ta ló fẹ́ lò ó? Kí ló ń lò nílé tẹ́lẹ̀? Báwo ni yóò ṣe lò ó? Ọ̀gá máa ń sọ pé ìbéèrè kejì ni iṣẹ́, pé àwọn méjì yòókù, ọlọ́jà èyíkéyìí lè béèrè wọn. Ọjọ́ kan, mo gbàgbé ìbéèrè kejì fún obìnrin kan tó ra oògùn ikọ́. Ọ̀gá ní kí n fi ẹsẹ̀ mi tọ̀ ọ́ lọ. Mo sáré nínú oòrùn títí dé Challenge kí n tó rí i níbi tó ti ń dúró de mọ́tò. Ó ní òun kò lo nǹkan kan. Mo padà dé pẹ̀lú ìbínú. "Sà, kò lo nǹkan kan o." Wọ́n ní, "Ó dáa. A ti wá mọ̀ báyìí."

Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, oòrùn àti òṣùpá ni a máa ń yà sára àpò ìwé. Èmi ni mo sọ fún Ọ̀gá pé ní Ìlọrin níbí, ìrun la fi ń mọ àkókò. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹ fi ń gbọ́ onígbàgbọ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń sọ fún arúgbó pé, "Ọ̀kan lẹ́yìn Àsùbáà, ọ̀kan lẹ́yìn Ìṣáì, Bàbá." Nígbà tó yá, agolo lọ, káàdì tí a ń tẹ oògùn yọ lára rẹ̀ dé. Tíréè mi di ohun tí a fi ń gbé gíláàsì omi. Kọ̀ǹpútà gba ipò ìwé mi. Nọ́ńbà wá wà lára páálí tí a ó họ, tí a ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù ká lè mọ ayédèrú. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bá èèyàn béèrè ìbéèrè kejì.

Èmi wá di lọ́yà oògùn olówó pọ́ọ́kú. Ìyẹn ni orúkọ tí àwọn oníbàárà fún mi, Lọ́yà. Wọn ó wọlé pẹ̀lú àlàjẹ́ lẹ́nu, n ó gbé èyí tí kò ní àlàjẹ́ jáde, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní oògùn mẹ̀kúnnù ni. Wọ́n ní mo ti gba rìbá. N ó jiyàn títí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín, wọn ó rà á, ara wọn ó sì yá. Nígbà tí ọjà wá gbówó lórí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe àwọn àlàjẹ́ ńlá kó ẹrù wọn kúrò, mo rí olùkọ́ tó ń fi ọ̀bẹ gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì, mo rí bàbá àgbẹ̀ tó ń lò ó ní ọjọ́ kan, tó ń fo ọjọ́ méjì. Fún irú wọn, ẹnu mi kì í ṣe ẹnu lásán mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wù mí púpọ̀ jù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí Alhájà Sàfúrá wọlé.

Àdúgbò Gàmbàrí ni ilé wọn wà. Wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ta aṣọ níbẹ̀, ẹnu wọn sì mú ju àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé e. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn jà fún ọdún pípẹ́. Àlàjẹ́ kan ni wọ́n máa ń lò, tó wà nínú páálí aláwọ̀ aró. Kò sí i mọ́ ní gbogbo Táíwò Road. Mo gbé èyí tí a ní fún wọn. Orúkọ àbísọ rẹ̀ gùn bí ọ̀sán ààwẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló wà lára páálí aláwọ̀ aró.

"Rábì, kí lo fún mi yìí?"

"Oògùn ṣúgà yín ni, Alhájà."

"Oògùn mi kọ́ nìyí. Èyí rí bíi páálí ìṣáná." Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Alhájà yíjú sí wọn. "Oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ó fẹ́ kí ṣúgà gbé mi lọ kó lè wá jẹ sàráà mi."

"Alhájà, aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ẹ ti fi gbogbo ayé ta aṣọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ."

Ṣọ́ọ̀bù pariwo. Alhájà ju ọ̀rọ̀, mo dá a padà. Mo sọ bí ìjọba ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ orúkọ àwọn ará àdúgbò wọn tó ń lò ó. Èèyàn mẹ́fà ló ń dúró dè mí lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó kánjú, wọ́n ń gbádùn rẹ̀.

"Ó dára bíi tòyìnbó?"

"Ó dára bíi tòyìnbó. Tó bá jẹ́ irọ́, kí n má rí ìṣínu àkọ́kọ́ jẹ."

"Wàlláhì?"

"Wàlláhì."

Alhájà rẹ́rìn-ín, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. "Lọ́yà ti borí mi." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ka ohun tí dókítà kọ fún wọn: lójoojúmọ́ ààwẹ̀, ẹyọ kan, lẹ́yìn ìṣínu. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, mo sì pe ẹni tó kàn. Orí mi wú bíi tàkàrà inú epo. N kò béèrè ìbéèrè kejì.

Ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Bílíkísù wọlé. Ìyàwó ọmọ Alhájà ni, òun ló ń gbé pẹ̀lú wọn nílé.

"Àǹtí, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ bá mi wá oògùn òòyì fún Màmá."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ààwẹ̀ ló mú wọn. Òógùn ti bò wọ́n láti àárọ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n tiẹ̀ ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí."

Ọwọ́ mi ti wà lórí pẹpẹ oògùn òòyì. Mo dá a dúró. "Bílíkí, kí ni wọ́n ń lò nílé?"

"Èyí tí ẹ tà fún wọn, lẹ́yìn ìṣínu. Àti ti Bọ̀dá, ní sààrì."

"Ti Bọ̀dá wo?"

"Bọ̀dá wa tó wà lókè òkun. Wọ́n fi páálí aláwọ̀ aró mẹ́ta ránṣẹ́ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti wà nílé kí Màmá tó wá bá yín, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra kún un ni. Màmá ní ẹ̀yin lẹ sọ pé méjèèjì dára. Wọ́n ní ti òyìnbó á ṣọ́ ọ̀sán, tiwa á ṣọ́ òru."

Oògùn kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ti sààrì sì ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn tí kò ní jẹun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọpọlọ yóò sùn, kò sì ní jí mọ́. Mo já páálí gúlúkóòsì kan láti orí pẹpẹ, mo ké sí Ọ̀gá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn pé kí wọ́n gba káńtà, mo fa Bílíkísù lọ́wọ́, a gun ọ̀kadà.

Bílíkísù ń pe fóònù ilé, kò sẹ́ni tó gbé e. Gbogbo wọn wà níwájú ilé níbi tí wọ́n ti ń ṣe tàfúsírì, ìtumọ̀ Àlùkùránì. Ọ̀nà Gàmbàrí kún fún àwọn tó ń ra nǹkan ìṣínu, ọ̀kadà kò lè kọjá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi bàtà sọ́wọ́, mo sáré. Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, ọ̀fun mi gbẹ. Ohun tí mo ń sọ lẹ́nu kò ju "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi" lọ.

Alhájà wà lórí ẹní. Ìró wọn tutù rin. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n wọn kò rí mi. Ìyálé wọn jókòó tì wọ́n, ó ń fẹ́ wọn. Nígbà tó rí i pé mò ń tú gúlúkóòsì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Kí nìyẹn?"

"Ṣúgà ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ n fi sí wọn lẹ́nu kíá."

"O fẹ́ ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn Àìlà? Lésìí, ó jẹ ààwẹ̀ méjìlá. Ó búra pé lọ́dún yìí òun kò ní jẹ ẹyọ kan. Kí n wá sọ fún un pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n já a fún un? Yóò lágbára tó bá di ìṣínu."

"Ìyá, wọn kò ní rí ìṣínu."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu rẹ burú!" Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n wàlláhì, ó lágbára jù mí lọ lọ́jọ́ náà. Mo ń wo Alhájà, ojú wọn ti ń pa dé.

Mo figbe ta. Igbe náà ló mú Alfa Sànúsí, ẹ̀gbọ́n ọkọ Alhájà, kúrò nídìí tàfúsírì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. Alfa kò bi mí léèrè nǹkan kan. Wọ́n kọjú sí ìyálé.

"Fi í lọ́wọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run tó ní ká gba ààwẹ̀, òun náà ló yọ aláìsàn sílẹ̀. Yóò san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Òkú kò ní san án padà."

Mo yí Alhájà sí ẹ̀gbẹ́. N kò lè da omi sí wọn lẹ́nu, kó má baà pá wọn lórí. Mo po gúlúkóòsì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń fi ìka rá a mọ́ èrìgì wọn. Mo rá a, kò sí nǹkan kan. Mo tún rá a. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàfúsírì là ń gbọ́ níta. Ó pẹ́ lójú mi bí ọdún kan kí ahọ́n wọn tó yọ, tí wọ́n lá ètè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ojú sókè.

"Rábì, kí lò ń wá nílé mi?"

"Alhamdulillahi!" ni gbogbo ilé ké. Ìyálé bú sẹ́kún. Wọ́n ti fẹ́ máa tú ká. Mo ní ó tì o. Oògùn náà ṣì wà nínú wọn, yóò tún fà wọ́n sílẹ̀. Alhájà ní òun ti dára, òun kò lọ síbì kankan. A jiyàn. Ẹ̀rù ni mo fi jiyàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìgbéraga. A gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n so omi mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Mọ̀gàríbà, ojú Alhájà tún dà, òógùn tún bò wọ́n. Ká ní ilé la wà, gbogbo ilé yóò ti wà nídìí ìṣínu, wọn ó rò pé Alhájà sùn ni. Mo fi omi ṣínu ní kọ́ríọ́dọ̀, mo padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá Alhájà sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbé e. Ọmọ Alhájà tó wà lókè òkun pe fóònù, ó ń pariwo pé oògùn ayédèrú ilẹ̀ yìí ló fẹ́ pa ìyá òun, pé òun kò mọ ohun tó mú wọn ra oògùn mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Gàmbàrí. N kò sọ nǹkan kan. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀ pé oògùn ni wọ́n ń bú, pé kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, iṣẹ́ lè bọ́, ọmọ yẹn lè kó ọlọ́pàá wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, bàbá àgbẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo tà fún un sórí káńtà. "Gba nǹkan rẹ. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ pa Alhájà kan. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti pa á tì." Iṣan orí rẹ̀ ń lù, mo ń rí i. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó jáde.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n ti darúgbó, etí wọn ti ń di díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n yọ awò ojú, ṣùgbọ́n wọn kò nù ún. Wọ́n kàn mú un lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ àríyànjiyàn yín lọ́jọ́ náà láti ibí. Mo ń retí ìbéèrè kejì. Nígbà tí n kò gbọ́ ọ, mo ní etí mi ló di. N kò lè gbà pé ìwọ ni."

Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n wá ní, "Oògùn kò lẹ́nu, Rábíátù. Ìwọ lo lẹ́nu."

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo lọ sí agbo ilé Alhájà. Àwọn èèyàn ti jókòó fún tàfúsírì. Mo sọ fún Alfa Sànúsí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. Èmi Lọ́yà, mo rojọ́ tako ara mi. Mo ní oògùn náà kò ṣe nǹkan kan, oògùn kan náà ni pẹ̀lú ti òyìnbó, pé orúkọ ló jẹ́ méjì. Mo ní iṣẹ́ mi ni kí n béèrè ohun tí Alhájà ń lò nílé, n kò béèrè, torí pé àtẹ́wọ́ ń dùn mọ́ mi létí. Mo ní kí ẹni tó bá ti pa oògùn rẹ̀ tì, kó padà sídìí rẹ̀ lónìí, kó má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pa ara rẹ̀.

Alhájà jókòó lórí ẹní níwájú, wọ́n ti rù. Wọ́n wò mí.

"O búra fún mi pé ó dára bíi tòyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhájà."

"O kò sọ fún mi pé òun náà ni."

"N kò sọ, Alhájà."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó fẹ́ pa mí nìyẹn. Ká ní mo pè ọ́ ní òpùrọ́, ara mi ì bá le."

Kò sí èébú tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn láyé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Alfa bẹ̀ wọ́n, ìyálé bẹ̀ wọ́n. Alhájà kò sọ pé òun dárí jì mí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ wá nǹkan ìṣínu jẹ.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò kí mi. Wọ́n tú àpò aṣọ kan, wọ́n da gbogbo oògùn ilé wọn sórí káńtà, títí kan róòbù. Wọ́n ní, "Kà á sókè." Mo ka orúkọ àbísọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó wọn padà, wọ́n ra èyí tí wọ́n fẹ́ rà, ti mẹ̀kúnnù, wọ́n sì lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lóṣooṣù. Bàbá àgbẹ̀ náà padà. Àwọn ará Gàmbàrí míì wá ń gbé àpò wá bíi tiwọn. Iṣẹ́ kò bọ́, ọlọ́pàá kò dé. N kò sì jiyàn kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi mí bóyá kí ẹ wá sídìí iṣẹ́ yìí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tí ẹ kò bá lè béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn, kí ẹ sì máa fetí sí ìdáhùn ẹni kẹgbẹ̀rún bíi ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Alhájà Sàfúrá dé bí wọ́n ṣe ń dé. Wọ́n da àpò, mo kà á tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà sínú àpò fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ìwọ ńkọ́, Rábì? Kí lò ń lò nílé?"

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, tí mo ń kó oògùn fúnra mi láti orí pẹpẹ, tí mo ń lò ó nígbà tí mo bá rántí. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi béèrè ìbéèrè yẹn, kò sí ẹni tó bi mí padà rí. Mo la ẹnu, omi ojú ló jáde.

Alhájà kò wo ẹkún mi. Wọ́n nawọ́ fa báàgì mi láti abẹ́ káńtà, wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n fi ìka ya àwọn oògùn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Kà á sókè," ni wọ́n wí.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà.